Obìnrin Tó Ni Àwọn Alààyè

Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní ìlú Òyìnbó ló fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Pátákó gbọọrọ kan ni, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan tó ti gbó. Lápá òsì, orúkọ gbogbo àlùfáà tó ti sìn níbẹ̀ láti ayébáyé. Lápá ọ̀tún, orúkọ ẹni tó yan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ló yàn wọ́n. Ẹni tó ni ilẹ̀ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì jogún ẹ̀tọ́ náà bí ẹni jogún ilé. Mo fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú, mo sì rí orúkọ obìnrin kan lápá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀mẹta. Orí mi wú.

Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé òun ni “patron of the living.” Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé kan ní àdúgbò Fate títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: alábòójútó àwọn alààyè. Mo ní, háà, ta wá ni wọ́n fi àwọn òkú lé lọ́wọ́? Mo pe ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

“Mọ́mì, kì í ṣe alààyè o! Ipò àlùfáà yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní living, torí ilé àti ilẹ̀ tó bá a wá ni àlùfáà fi ń jẹun.”

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹnu yà mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ ni wọ́n fi sọ ipò lórúkọ! Àwa náà ńkọ́? Ṣé a kì í sọ pé ènìyàn jẹ oyè ni, pé ó jẹ lémọ́ọ̀mù?

Fọ́tò náà kò kúrò lọ́kàn mi, torí lémọ́ọ̀mù mọ́sálásí agboolé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Bàbá mi ló fi ilẹ̀ sílẹ̀, tó kọ́ mọ́sálásí náà síwájú ilé, èmi nìkan ló sì bí. Ìdílé ẹni tó kọ́ ọ ló máa ń fa lémọ́ọ̀mù kalẹ̀, kí àwọn àáfà àgbà tó wé láwàní fún un. Gbogbo ènìyàn ti gbà pé àbúrò bàbá mi ni yóò ṣe é, ọmọ tirẹ̀ ni yóò sì fà kalẹ̀: ẹni tó ń gbé GRA, tó ń fi mọ́tò wá kírun lọ́jọ́ Jímọ̀ nìkan, tó sì ń wo aago kí wọ́n tó sálámà. Bẹ́ẹ̀ nàíbì, igbákejì olóògbé, wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ará abúlé, kò bá wa tan. Òun ló ń ṣíwájú ìrun Àsùbáà láti ìgbà tí àìsàn ti dá lémọ́ọ̀mù dúbúlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹlòmíràn lé e lórí, abúlé ló ń padà sí. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Inú ń bí mi gidi.

Lọ́jọ́ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fa lémọ́ọ̀mù tuntun kalẹ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, n kò bá àwọn obìnrin dúró lẹ́yìn gàgá. Mo lọ bá àwọn bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo na fóònù sí àbúrò bàbá mi, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí dórí àṣìṣe mi nípa alààyè. Àwọn bàbá rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ orúkọ obìnrin yẹn.

“Ṣé obìnrin yìí ló ń wàásù?”

“Rárá o, Bàbá. Yíyàn nìkan ló ni.”

“Wọ́n sì gbà fún un?”

“Wọ́n gbà, Bàbá. Bàbá rẹ̀ ló ni ilẹ̀.”

Ó dá fóònù mi padà. Mo ti ń retí èébú, mo sì ti ní èsì rẹ̀ lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mọ́sálásí yìí,” ló wí fún wọn. “Wálàhí, n ò gbé búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló kúnlẹ̀ yìí.” Ó yíjú sí mi. “Ó yá, fa ẹni tó o fẹ́ kalẹ̀.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ fún ìjà fò lọ. Ẹ̀rù bà mí, wálàhí, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ìkókó lé lọ́wọ́ lójijì. Mo fi ohùn kékeré dárúkọ nàíbì, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo ilẹ̀.

Àbúrò bàbá mi fa ọ̀rá kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀. Láwàní funfun ló wà nínú rẹ̀, tuntun, kò tíì kúrò nínú kíká tí wọ́n ká a ní ṣọ́ọ̀bù.

“Ọmọ mi ni mo rà á fún,” ló wí. “Ẹ wé e fún nàíbì.”