Ewé Tó Ń Mú Tíṣà Sùn

Ẹni tó bá ní arúgbó kì í ṣorí kunkun, kó wá wo Lábísí ará Ayétòrò. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn ún, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun tọ́jú ọkọ òun. Ọkọ náà ni Ìbítóyè, tíṣà tó fi ẹgba kọ́ ìdajì ìlú ní ìwé. Àìsàn ìgbàgbé ti wá kó gbogbo ohun tó mọ̀ lọ. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́. Á máa rìn káàkiri ilé, á máa ṣílẹ̀kùn, á ní àwọn ọmọ iléèwé ń dúró de òun. Bí Lábísí bá dì í mú, á wò ó bí ẹni wo àlejò.

Ewé kan ṣoṣo ló ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí obìnrin yìí ṣì ń ná ọjà Kétu, lódìkejì bodè níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ni sísítà ìjọ Àgùdà kan fún un ní ẹ̀ka rẹ̀, ó sì gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Mẹ́lísì ni sísítà pè é. Téèyàn bá rí i, á ní efinrin ni, ṣùgbọ́n tó bá fọwọ́ ra á, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló máa gbọ́. Sísítà ní láti ayé àwọn ìyá ńlá òun ni wọ́n ti ń fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ fún ẹni tí kò rí oorun sùn àti ẹni tí inú rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń gún un lé egbò etí ẹnu. Lábísí dán gbogbo rẹ̀ wò. Ti inú ṣiṣẹ́. Ti egbò, kò lè fi í búra. Ṣùgbọ́n ti ọkọ rẹ̀ yìí, àfi ẹni tó bá rí i. Tó bá gbé ife dé ẹnu rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ooru ewé náà kàn án nímú, èjìká rẹ̀ á wálẹ̀, á wo ìyàwó rẹ̀ lójú, á ní, "Lábísí, ó ti rẹ̀ mí." Ewé náà kò wo àìsàn náà sàn. Obìnrin yìí kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ̀. Kí ọkọ òun dá òun mọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń fẹ́, kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀, àfọwọ́fà ni. Nígbà tí òkìkí ewé náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá já a, wọ́n já a débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ìdí nìkan. Lábísí kò lè lé wọn, nítorí ewé kì í ṣe ohun tí à ń fi du ara wa níbí. Ó bá jẹ́ kí koríko hù bo ibẹ̀, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa á. Òun nìkan ló mọ ibi tó ń fẹsẹ̀ gbà débẹ̀.

Ṣùgbọ́n koríko kì í hù lẹ́yìnkùlé àgbà kí ẹnu má kùn ún. Wọ́n á ní ilé ti dahoro, wọ́n á ní onílé kò bímọ. Gideon, ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń dáko ní Idogo, wá kí wọn, ó rí koríko náà, ojú sì tì í. Ó kí wọn tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí Lábísí mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó padà wá, ó gbé ike oògùn apakoríko kọ́ ẹ̀yìn, ó sì fín gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí wọ́n dé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Ẹnikẹ́ni ò ní fi Bàbá ṣẹ̀sín mọ́."

Òórùn oògùn ti kan Lábísí nímú kó tó débẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ewé náà. Ó ṣì tutù yọ̀yọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti kú. Ṣé ọmọ tó wá bo ni láṣìírí lèèyàn máa bú? Ó padà wọlé, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á san án fún ẹ." Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ewé náà pọ́n, ó rọ, ó gbẹ mọ́lẹ̀. Irọ́ tó pa ti di òótọ́.

Ó lọ bá Kẹ́misọ́lá, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, bóyá ó gbin díẹ̀ nínú èyí tó já. Kẹ́misọ́lá wò ó tìyanutìyanu.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa á? Tèmi, mo ti sè é mu."

Ó bẹ Gideon kó wá jókòó ti Bàbá, ó sì gun ọ̀kadà gba Ìmẹ̀kọ lọ sí Kétu. Sísítà ti kú. Wọ́n ti da sìmẹ́ńtì bo ibi tí ọgbà rẹ̀ wà. Obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé àwọn sísítà káàánú rẹ̀, ó di ewé tíì, ìyẹn koríko ọba, fún un, ó ní ìyẹn náà dára fún oorun, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ náà ló sì ní. Lábísí gbà á. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó sè é, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Bàbá mu ún tán. Èjìká rẹ̀ tilẹ̀ wálẹ̀. Lábísí jókòó tì í, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Bàbá wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ẹ ṣeun o. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ń lọ, ẹ bá mi pe ìyàwó mi. Lábísí lorúkọ rẹ̀. Ẹ ní kó má pẹ́."

"Mo gbọ́, Tíṣà," ni Lábísí wí. "Màá sọ fún un."

Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sóde, kò sì mọ ibi tí òun ń lọ.