Ẹnu Jímọ̀ ní Ìdí Ayò

Ìyá àgbà mi, Àṣàkẹ́, kì í bú ọkọ rẹ̀ lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ayò bá ti délẹ̀, á ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí ojú òun rí. Jímọ̀ lorúkọ ọkọ náà, ahunṣọ ní Ọ̀fà, nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wa tí àwọn ọmọdé ṣì ń sáré lọ wo èéfín rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ dára, ìwà rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Èmi kò fẹ́ràn aláròyé. Ká ní ojú mi ló ṣe, bóyá èmi àti bàbá àgbà mi ì bá ti jà.

Bí wọ́n bá ti kírun àlàásárì tán, Jímọ̀ á kọrí sí iwájú ilé Gbádé, níbi tí wọ́n ti ń ta ayò lábẹ́ igi ọdán. Gbádé fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa. Alágbẹ̀dẹ ni tẹ́lẹ̀, ọkọ́ tó rọ wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ títí dé Ìjagbó. Ṣùgbọ́n ó ti pa iná àgbẹ̀dẹ, ó ní ọkọ́ òyìnbó tí rélùwéè ń kó wá ti ba ọjà òun jẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, nítorí ọkọ́ òyìnbó kún ọjà lóòótọ́. Ayò ló kù fún un. Kì í tilẹ̀ bá ẹlòmíràn ta mọ́. Ó ní Jímọ̀ ló dùn ún nà. Ojoojúmọ́ ló sì ń nà án.

Kì í ṣe pé Jímọ̀ kò mọ ayò í ta. Àìsàn rẹ̀ ni pé ohun gbogbo tó bá ń ṣe ló ń wí. Bó bá kó ọmọ ayò, á máa là á mọ́ inú ọpọ́n gbà-gbà, á máa pariwo: "Ọ̀kan rèé nílé kẹta! Ọ̀kan rèé nílé kẹrin!" Bó bá ń kó odù jọ, ìyẹn ilé tí ọmọ pọ̀ sí, tí èèyàn fi ń múra àtijẹ rẹpẹtẹ, á ní: "Ẹ̀gbọ́n, odù mi nílé ìkẹyìn ti wọ mẹ́tàlá o! Ẹ wá ibi sá sí!" Gbádé á rẹ́rìn-ín, á ta èyí tí yóò sọ odù náà di asán. Àwọn òǹwòran á hó yè: "Òpè! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọpọ́n ayò ló ń dá ìwọ!"

Jímọ̀ ń fara dà á, títí ó fi gbọ́ pé wọ́n ń pe Safiyat ọmọ rẹ̀ ní Ọmọ Òpè lódò. Èyí dùn ún wọ eegun. Ó búra pé orúkọ náà gbọ́dọ̀ kúrò nílé òun.

Àṣàkẹ́ ní, "Bàbá Safiyat, ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ fún un bí yóò ṣe pa yín. Ẹ jẹ́ kí ẹnu sinmi kí ọwọ́ ṣiṣẹ́."

Ó yá ọpọ́n ayò wálé, ó ní kí ọkọ òun bu omi sẹ́nu, kí ó máa fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọwọ́ òsì ta. Bí Jímọ̀ bá ti fẹ́ fọ́nnu, omi á dà sí i láyà. Àṣàkẹ́ á tún bu òmíràn fún un. Ó tún kọ́ ọ kí ó máa fi ọmọ ayò lélẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ti ẹyin sábẹ́ adìyẹ. Ìwà tó ti mọ́ni lára kì í lọ bọ̀rọ̀. Wọ́n ti ń kórè ọkà bàbà kí aṣọ Jímọ̀ tó yéé tutù.

Ọjọ́ tó padà lọ bá Gbádé, kò fọhùn lẹ́yìn ìkíni. Ọwọ́ rẹ̀ kò dún lórí ọpọ́n.

"Jímọ̀, inú ń run ọ́ ni?" Gbádé bi í.

Jímọ̀ mi orí. Gbádé tún bi í, Jímọ̀ tún mi orí. Òfin wọn ni pé ilé tí ọwọ́ bá kàn ni a ó ta. A kì í fọwọ́ tọ́ ọ wò. Ọwọ́ Gbádé dúró lókè fún ìgbà díẹ̀, ó sì balẹ̀ sínú ilé òfìfo. Àwọn òǹwòran rò pé ó ń ṣeré ni. Jímọ̀ jẹ, ó tún jẹ, ó sì borí. "Ọ̀ta dé! Ògbógi ayò dé!" ni wọ́n ń pariwo, tí wọ́n fi gba ìgboro lọ láti ròyìn.

Jímọ̀ na obì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fi tù ú nínú. Gbádé kò gbà á. Jímọ̀ gbé obì náà sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì. Ojú Gbádé kò tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ríran."

"Iná àgbẹ̀dẹ ló mú ojú mi lọ díẹ̀díẹ̀," ni Gbádé wí. "Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Ẹnu rẹ ni mo fi ń ríran, Jímọ̀. Má sọ fún wọn. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn ó máa fà mí lọ́wọ́ kiri, kò ní sẹ́ni tí yóò bá mi ta ayò mọ́."

Nílé, Safiyat ń jó pé bàbá òun di ọ̀ta. Bàbá rẹ̀ kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, èrò wá wo ọ̀ta tuntun. Jímọ̀ kó ọmọ ayò, ó là á mọ́ ọpọ́n, gbà! "Ọ̀kan rèé nílé kẹta!" Gbádé tújú ká. Jímọ̀ kò fi ayò kankan ta á lọ́rẹ o. Ó fi gbogbo agbára rẹ̀ jà, Gbádé sì nà án. Orúkọ Òpè padà sílé. Safiyat sunkún, Àṣàkẹ́ sì bínú pé omi tí òun pọn ṣòfò. Jímọ̀, tí kì í lè pa ohunkóhun mọ́nú, kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, títí di ọjọ́ tí wọ́n sin Gbádé.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè na Jímọ̀ mọ́, láti Ọ̀fà dé Ìlémọnà. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló kọ́ ọ, á kàn kó ọmọ ayò rẹ̀. Àṣàkẹ́ ní òun nìkan ló mọ̀ pé ètè rẹ̀ ṣì ń mì bó bá ń fi ọmọ ayò lélẹ̀, láìsí ohùn: ọ̀kan rèé nílé kẹta, ọ̀kan rèé nílé kẹrin.