Keshari Dangol àti Bàálù Ààyè Kẹsàn-án

Ní gbogbo ọdún mẹ́tàlélógún tí Keshari Dangol fi ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú àfonífojì, kò wọ bàálù rí. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa a máa rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ohun tí obìnrin náà máa ń sọ fún ẹni tó bá bi í ni pé òun kò tíì rí bàálù tó ń lọ sí ibi tó dára ju Khokana lọ, abúlé tí wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti fún òróró músítádì títí ọlọ́jọ́ fi dé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ibi tí bàálù kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí bí ó bá ti balẹ̀, iye wákàtí tí yóò lò níbẹ̀, àti èyí tí yóò gba ipò rẹ̀ bí ó bá ti kúrò.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá. Títì ìsáré kan ṣoṣo ni pápákọ̀ náà ní. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń balẹ̀ sí, orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbéra, òkè sì yí i ká débi pé bàálù tí kò bá tètè ráyè balẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rà bàbà lókè bí àṣá. Ààyè ìdúró tó wà fún àwọn bàálù abẹ́lé kò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì Keshari, ó sì ń lò ó bí òfin ti wí, ṣùgbọ́n pátákó tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ó gé páálí sí ìrísí bàálù kọ̀ọ̀kan, ó wọn apá wọn ní ìwọ̀n tó péye, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bí apá ọ̀kan yóò bá gún òmíràn nímú. Àwọn ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì ń pè é ní ayò Ẹ̀gbọ́n.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti di ti ààyè ìdúró, Keshari kì í gba gbẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, bàálù àdáni olówó kan balẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì ní kí wọ́n fún òun ní ààyè tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ nítorí pé ọ̀gá òun kì í fẹ́ fẹsẹ̀ rìn.

Keshari gbé rédíò sẹ́nu. "Ẹ kú àbọ̀ o, Kápútẹ́nì. Ẹ máa lọ sí ibi kẹtàdínlógún. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ìrìn díẹ̀ dára fún ikùn."

Bí ó ti rí nìyẹn títí di Chait, oṣù tó gbẹ̀yìn nínú ọdún wọn, ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó lágbára jù lọ nínú àwọn tó ń ná abẹ́lé pinnu láti pààrọ̀ bàálù rẹ̀. Yóò ta kékeré mẹ́rin, yóò sì ra ńlá mẹ́ta. Ààyè tí àwọn mẹ́rin náà yóò fi sílẹ̀ yóò gba méjì nínú àwọn ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta kò ní ibi tí yóò fi apá sí. Ọ̀gá Lokendra Rimal, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wọn, ránṣẹ́ pe Keshari sí ọ́fíìsì.

"Ẹ jókòó, Arábìnrin Keshari."

"Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀."

Rimal tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n kó àwọn bàálù kékeré mẹ́ta tó ń sùn ní ibi kẹrìnlá, ikẹẹ̀ẹ́dógún àti ikẹrìndínlógún lọ máa sùn ní Simara, ní ilẹ̀ títẹ́jú lọ́hùn-ún, kí bàálù ńlá kẹta lè gba ipò wọn. Àwọn mẹ́ta yìí ló ń gbé ènìyàn àti oògùn lọ sí Lamidanda, Rumjatar àti Phaplu, níbi tí pápá ìbalẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè bí àkàbà.

"Ọ̀gá, ta ló kọ èyí?"

"Ìṣirò ló kọ ọ́. Bàálù ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí títì ìsáré. Bàálù ẹlẹ́ni àádọ́rin náà ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, ta ló ń lo títì náà? Àwọn ẹlẹ́ni àádọ́rin ṣì ń fọ eyín nígbà yẹn. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá sùn sí Simara, kí wọ́n tó dé ibí, kí wọ́n tó kó ẹrù, aago mẹ́wàá ti lù. Ní Chait yìí, bí aago mọ́kànlá bá lù, atẹ́gùn ti dìde ní gbogbo orí òkè. Ẹ sọ ẹni tí yóò balẹ̀ sí Lamidanda fún mi. Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Ẹ má pariwo mọ́ mi."

"N kò tíì bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá. Bí ẹ bá lé wọn kúrò níbí, ẹ ti pa ọ̀nà àwọn ará òkè dé nìyẹn. Ẹ kúkú kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kí gbogbo ayé rí i kà."

Rimal nu iwájú orí rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù. Ẹ wá ààyè kan tó fẹ̀ fún mi, kí àwọn kékeré yín dúró. Bí kò bá sí, wọ́n ń lọ."

"Ó wà. Ibi kẹsàn-án."

Ọ̀gá náà wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. "Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ."

Kò sí òṣìṣẹ́ tí kò mọ ohun tó wà ní ibi kẹsàn-án. Bàálù ilé-iṣẹ́ Sunpankha kan ni, tí kò kúrò lójú kan láti ọdún márùn-ún tí ilé-iṣẹ́ náà ti wó. Òfin pápákọ̀ sọ pé bàálù tí kò bá fi agbára ara rẹ̀ rìn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, ẹni tó ń pín ààyè ní àṣẹ láti mú kí wọ́n wọ́ ọ lọ sórí koríko. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Samsher Basnyat tó ni bàálù náà gbọ́n féfé. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹsàn-án ọdún Dashain, tí onímọ́tò àti oníbàálù ń fi ọkọ̀ wọn lé òrìṣà wọn, Ìyá Durga, lọ́wọ́, ó máa ń rán òbúkọ wá. Wọn a pa á níwájú táyà, wọn a fi lẹ́búlẹ́bú pupa kun imú bàálù, wọn a sì fi ẹ̀gbà òdòdó aláwọ̀ ọsàn kọ́ iwájú gíláàsì rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kù nínú ọdún, bàbá arúgbó kan tí ń jẹ́ Harka, tí Basnyat gbà ṣe ọdẹ, a máa kọ́ ẹ̀gbà tuntun. Basnyat mọ ohun tó ń ṣe yékéyéké. Kò sí awakọ̀ katakata kan ní gbogbo àfonífojì tí yóò fi irin kọ́ ohun tí òdòdó Ìyá Durga ṣì wà lára rẹ̀, kí ó máa wọ́ ọ nílẹ̀ bí òkú ẹran. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Keshari ti fi ọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìwé náà sì ti padà wá bá a.

Ó kúrò ní ọ́fíìsì Rimal, ó lọ bá Birkha Rana, àgbà awakọ̀ katakata, níbi tó ti ń mu tíì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Birkha, mo fẹ́ wọ́ ti ibi kẹsàn-án."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ wá mu tíì."

"Mo ní mo fẹ́ wọ́ ti ibi kẹsàn-án."

"Mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mu tíì." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Dhanman tó wọ́ bọ́ọ̀sì tó wọ ẹ̀gbà lọ́jọ́sí, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kán?"

"Ìyá Durga ló kán an ni, àbí ọtí?"

"Ọtí náà wà níbẹ̀," ni Birkha dáhùn, ẹ̀rín tún sọ. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kán. Bí òdòdó yẹn bá wà níbẹ̀, n kò lọ. Ẹ kọ̀wé bí ẹ bá fẹ́."

"Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

Birkha gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni yóò yọ ọ́? Ẹ̀yin?"

Keshari fẹsẹ̀ rìn dé ibi kẹsàn-án, ó sì dúró wo iwájú bàálù náà fún ìgbà pípẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń rí i láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ọn báyìí rí. Ẹ̀gbà náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ti ọ̀sẹ̀ yìí wà lórí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá wà lórí ti oṣù tó kọjá, títí tó fi di ìdì dúdú kan tó nípọn bí itan ènìyàn, tí òjò ti rà, tí kòkòrò sì ń jáde nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí Keshari ti wà lọ́mọ ọdún méje ni ó ti ń jí lówùúrọ̀ yọ òdòdó àná kúrò níwájú òrìṣà ilé wọn, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í fi òdòdó tuntun lé èyí tó ti rà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, èébú ló bú òrìṣà. Ọdún márùn-ún ni Basnyat ti ń bú Ìyá Durga níta gbangba, àwọn awakọ̀ katakata ni ẹ̀rù wá ń bà!

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Keshari kò jẹun. Ó wẹ̀, ó wọ sári pupa, ó gbé àwo idẹ àti omi lọ́wọ́, ó sì dé ibi kẹsàn-án bí oòrùn ti ń yọ. Ó ti sọ fún Birkha, Birkha sì ti sọ fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà àwọn awakọ̀ katakata àti àwọn agbẹ́rù ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èrò ìwòran. Bàbá Harka dé pẹ̀lú àkàbà ọparun àti ẹ̀gbà tuntun.

"Bàbá, ẹ kú òwúrọ̀. Ẹ yá mi ní àkàbà yín."

"Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ yọ ìdọ̀tí tí ẹ kó jọ síwájú Ìyá Durga. Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa fi tuntun lé èyí tó ti rà?"

Ojú ti bàbá náà. "Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ní kí n máa kọ́ ọ. Kò ní kí n máa yọ ọ́. Èmi náà rí i pé kò dára." Ó fi àkàbà ti imú bàálù, ó sì dì í mú. "Rọra gùn ún. Ìpele kẹta kò lágbára."

Keshari gùn ún. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, eékún rẹ̀ ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò wo ilẹ̀. Ó wọ́n omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìdì náà bí ẹni tó ń gba ọmọ tó ti sùn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Durga fún ìwà ọmọlúàbí tí àwọn kan kò ní. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e sínú àwo, ó ní kí Bàbá Harka gbé e lọ sí odò Bagmati. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí àwọn èrò ìwòran.

"Ó tán. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tún kán lónìí, kí ó mọ̀ pé òun ló ṣubú."

Birkha rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó sì gun katakata. Wọ́n ti fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn táyà láti ìrọ̀lẹ́ àná. Nígbà tí bàálù náà mi, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí, ẹyẹ mẹ́fà fò jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ọ̀tún.

"Mẹkáníìkì ti tú inú rẹ̀ tà láti ọdún kejì," ni Bàbá Harka sọ jẹ́ẹ́. "Ihò lásán ni."

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí rédíò fi dún. Ọ̀gá Rimal ni. Basnyat ti pè é láti ilé. "Arábìnrin Keshari! Ẹ dúró! Ẹ dá a padà kíákíá!"

"Ọ̀gá, ẹnu ọ̀nà tó wọ títì ìsáré ni a wà báyìí. Bàálù mẹ́rin ń rà bàbà lókè. Bí ẹ bá ní kí n dúró, n ó dúró, a ó sì dí títì náà pa. Ṣé kí n dúró?"

"Ẹ máa lọ," ni Rimal wí.

Nígbà tí ọ́fíìsì ṣí ní ọjọ́ Àìkú, tí ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Basnyat ti wà lórí àga Rimal, Rimal sì dúró. Wọ́n pe Keshari wọlé.

"Ìwọ ni?" ni Basnyat bi í. "Akọ̀wé lásán tó ń to páálí! O mọ ẹni tí mo jẹ́?"

"Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ̀yin lẹ ni bàálù tó wà lórí koríko."

"Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, kí ó padà sí àyè rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù tó sọnù sí ni ìwọ yóò ti gba ìfẹ̀yìntì!"

Rimal na ìwé wí-tẹnu-rẹ sí Keshari, ó ní kí ó dáhùn láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Keshari gba bírò lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀, ó tẹ ìwé náà mọ́ ògiri, ó sì dáhùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Rimal kà á lẹ́ẹ̀mejì. Basnyat ní kí ó kà á sókè, ó sì kà á:

"Èmi Keshari Dangol ni mo pa á láṣẹ kí wọ́n wọ́ bàálù náà. Òfin fún mi láṣẹ. N kò tọrọ àforíjì. Bí Sunpankha bá fẹ́ ibi kẹsàn-án padà, kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì bàálù wọn, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Èmi fúnra mi yóò jáde láti júwe ọ̀nà fún un."

Lẹ́yìn náà Rimal, tí kò gbójú sókè wo Basnyat rí, gbójú sókè. "Ṣé yóò tan, sà?"

Basnyat ní mẹkáníìkì òun rìnrìn àjò.

"Ẹ fún wa ní ọjọ́ tí yóò dé," ni Keshari wí, "kí a lè fi àyè sílẹ̀ fún un lórí títì."

Kò fún wọn ní ọjọ́ kankan. Bàálù ńlá kẹta dé ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì gba ibi kẹsàn-án. Ìwé wí-tẹnu-rẹ náà kò kúrò nínú fáìlì Keshari, ìgbéga tó yẹ kí ó dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn kò sì dé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ inú ọ́fíìsì ń bá a kẹ́dùn, ó ní kí wọ́n gbé ẹnu wọn dákẹ́, kí wọ́n wo ibi kẹrìnlá sí ikẹrìndínlógún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń sùn nílé.