Agolo Tí Kò Mọ Àgbà

Ní ọdún kejì tí ìjọba gbé mi láti Pọ́bẹ̀ wá sí Ṣábẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní físíìkì, ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí sí bírò, ìyẹn ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní a ò ní ẹ̀rọ, a ò ní yàrá ìwádìí, bẹ́ẹ̀ ni oko iṣu ilé-ìwé ń fẹ́ ọwọ́. Láyé Rẹfolúsíọ̀n, ìyípadà ìjọba tí àwọn ológun ṣe nígbà náà, gbogbo ilé-ìwé ló ní oko. Ó fẹ́ gba wákàtí ọ̀sán Ọjọ́rú lọ́wọ́ mi fún ebè kíkọ.

"Ẹ fún mi ní Ọjọ́rú kan péré," ni mo wí. "Bí ohun tí mo bá fi hàn wọ́n kò bá yé ẹ̀yin fúnra yín, ẹ máa kó wọn lọ oko."

Inú ń bí mi. Wákàtí yẹn nìkan ni mo ní fún ohun tí kò sí nínú ìdánwò, mi ò sì ní jẹ́ kí iṣu gbà á.

Inú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan ni mo ti ka ohun tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n. Lókè òkun, wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó jẹ́ paìpù ńlá tó yí po bí òrùka. Àwọn ohun tíntìntín tí ojú ò lè rí ń sáré yípo nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sáré gún; wọ́n ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì. Ìyàkuyà yẹn ni wọ́n ń pè ní ooru, bí wọ́n bá sì mú un rọlẹ̀, wọ́n ní ó ti tutù. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ paìpù tó ń fura sí èyí tó bá yà. Ẹ̀rọ mìíràn á sọ ìfura náà di ńlá, wáyà á gbé e gba àárín òrùka kọjá tààrà, á sì dé òdìkejì kí ohun tó ń sáré tó yípo débẹ̀. Níbẹ̀ ni irin kejì ti ń tì í padà sójú ọ̀nà.

Nígbà tí Ọjọ́rú dé, mo ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ọ̀gá àti àwọn ọmọ, mo sì fi eérú fa òbìrìkítí ńlá sórí pápá, lábẹ́ òkè àpáta. Mo fi ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ròkè sí apá kan kí ó máa fura, mo fi ọmọkùnrin kan sí òdìkejì kí ó máa ti ẹni tó bá yà. Àwọn yòókù ń sáré, ọmọbìnrin náà ń ké "Ìta!", ó ń ké "Inú!", ọmọkùnrin ń tì wọ́n. Mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ni ọ̀gá bá bọ́ bàtà, ó ní òun náà máa sáré.

Kò pẹ́ tó fi yà kúrò lójú eérú. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, ọ̀gá," ó ní, "ẹ má bínú, ó dà bíi pé ẹ ti bọ́ síta díẹ̀." Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, ọ̀gá ti kọjá ẹni tó yẹ kó tì í.

"Kamaráàdì ni gbogbo wa," ni ọ̀gá wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ké sí mi bí o ṣe ń ké sí wọn."

Òótọ́ ni, àràárọ̀ la ń pe ara wa ní kamaráàdì lábẹ́ àsíá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ ní abúlé Kabúà kò lè pariwo mọ́ àgbà. Ọ̀gá tún sáré, ọmọ náà tún kúnlẹ̀, ó kù díẹ̀ kó sunkún.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ oko," ni ọ̀gá wí, ó nawọ́ sí bàtà rẹ̀.

Mo sáré wọ kíláàsì, mo da ṣọ́ọ̀kì inú agolo tòmátì sílẹ̀, mo gbé agolo náà àti igi kan lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Mo ní kó lù ú lẹ́ẹ̀kan fún inú, lẹ́ẹ̀mejì fún ìta. "Má sọ nǹkan kan," mo ní. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Ó sáré, ó sì yà. Agolo dún lẹ́ẹ̀mejì, ìró rẹ̀ gba àárín pápá kọjá, ọwọ́ sì ti ọ̀gá padà sórí eérú. Ọmọkùnrin tó tì í dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Agolo ló ní kí n tì yín."

Ọ̀gá dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú eérú. "Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ènìyàn sídìí ẹ̀rọ yẹn," ó wí.

Iṣu dúró dè wá di Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí a dé orí pápá ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, a bá ọ̀gá níbẹ̀, ó ti bọ́ bàtà.