Owó Ẹyọ Mẹ́ta Láti Sàró

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ létí mi pé ọ̀rọ̀ kì í sọnù lọ́nà, mo máa ń bá a jiyàn ni. Ọ̀rọ̀ ń sọnù. Mo mọ ibi tí tèmi ti sọnù: ní Ìkòròdú, lójú ọ̀sán gangan, lọ́wọ́ èèyàn tí kò níkà nínú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń wá lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Mo wá a dé Sàró, mo sì padà sílé láìgbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, n kò mọ ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ṣì wà nígbà tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ gbé e lórí ọ̀sà, níbi tó ti lọ wo ìgèrè tí baba wa fi ń pẹja nítòsí Ìbeṣè. Èkó là ń gbé nígbà náà. Nígbà tí ìbọn àwọn òyìnbó wá lé ọba wa kúrò ní Èkó, tí a bá a sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ohun tí ìyá mi ń tún sọ nínú ọkọ̀ títí a fi gúnlẹ̀ ni pé, “Bí ọmọ mi bá padà dé Èkó, ta ni yóò sọ fún un pé Ẹ̀pẹ́ la wà?” Ilé wa ti jóná, a ò mọ ibi tí a óò sùn, ọ̀rọ̀ ọmọ tó ti sọnù tipẹ́ ló ń sọ. Ó sú gbogbo wa.

A ti ń gbé Ẹ̀pẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọkọ mi ti kú, mo sì ń kó ẹja gbígbẹ lọ sí Ìkòròdú, nígbà tí obìnrin Sàró kan tó ń ta aṣọ níbẹ̀ tẹjú mọ́ ilà ojú mi. Ó ní káfíńtà kan wà ní Sàró tó ní irú ilà yìí. Àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó ló gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lórí òkun. Ó ní gbogbo ìgbà ló máa ń sọ ìtàn ìgèrè kan ní Ìbeṣè.

N kò mọ bí mo ṣe dé ilé. Ìyá mi kò sunkún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Alásàrí tán ni, ó jókòó sórí ẹní, ó ní, “Èmi ti darúgbó, òkun á pa mí. Ìwọ ni o máa lọ.”

Ẹnu lásán kọ́ là fi ń wọ ọkọ̀ elééfín lọ sí Sàró. Ohun gbogbo tí a ní ni a óò tà kí owó ọkọ̀ tó pé. Bí mo bá dé ibẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ní ó ti kó lọ, tàbí tó jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ló ni ilà náà? A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ: kí n máa bọ̀, tàbí kí n má bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, olórí ilé wa tí a ń pè ní Bàbá wa lẹ́yìn ikú baba tó bí wa, ní kí a wá akọ̀wé kan kó bá wa kọ lẹ́tà, kí lẹ́tà náà bá àpò lẹ́tà òyìnbó lọ. Akọ̀wé ń gbowó, àpò òyìnbó náà ń gbowó, bẹ́ẹ̀ ni ará Ẹ̀pẹ́ kò lè tẹ Èkó nígbà náà láìfa ìjà, ẹni tí yóò bá wa gbé e débẹ̀ á tún gbowó. Ìyá mi ní owó náà pọ̀ jù, àrokò ni òun máa pa. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni yóò máa lọ: ọlọ́kọ̀ Agbówà, ìyá aláṣọ ní Ìkòròdú, ẹnìkan ní Èkó, títí á fi dé ọ̀dọ̀ èrò ọkọ̀ Sàró. Wọ́n á sì máa fi ẹnu sọ pé Ẹ̀pẹ́ la wà, pé àbúrò rẹ̀ fẹ́ wá.

Bàbá wa ní, “Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.”

Ìyá mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ jẹ ọbẹ̀? Ọmọ mi ni mò ń wá.”

Ó so owó ẹyọ mẹ́jọ mọ́ òwú tí ó fi ẹ̀lú pa láró. Àwọn tó mọ àrokò mọ̀ pé orúkọ iye owó náà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹẹ́jọ: kí a jọ rí ara wa. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà ni, ọkàn wa fà sí ọ ni.

Òjò rọ̀ tán, ọyẹ́ dé. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sí etí omi, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ tuntun ni mò ń dúró dè. Nígbà tó yá, ọlọ́kọ̀ Agbówà na òwú aláró wa sí mi. Ó ní, “Láti Sàró.” Ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó lọ. Owó ẹyọ mẹ́ta ló wà lórí òwú náà.

Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé. Ìyá mi dá òwú rẹ̀ mọ̀, ó dá owó rẹ̀ náà mọ̀. Bàbá wa ní, “Mẹ́jọ la fi ránṣẹ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ márùn-ún kúrò kí ẹẹ́ta lè sọ̀rọ̀. Ẹẹ́ta: ó ti ta gbòǹgbò síbẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu.” Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó yí i padà, ó ní bóyá ó ta okùn ìbátan wa ni, pé ohun rere ni. Mo bi í pé kí ni kí n wá ṣe, kí n lọ ni àbí kí n jókòó? Ó ní a kì í fi ìkánjú ka àrokò. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún fún ìbínú.

Ìyá mi kò bá wa jiyàn. Ó gbé owó náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹẹ́ta. Ó ní a ta òun.”

“Ìyá mi, ẹnikẹ́ni kò tà á. Wọ́n jí i gbé ni.”

“Ta ló sọ fún un? Ọmọdé ni. Ó dúró títí, kò rí ẹni tó wá gbà á.”

Láti ọjọ́ náà ni kò fi jẹun dáadáa mọ́. Ara mi kò gbà á. Mo kó ẹja díẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, mo gba Agbówà lọ bá ọlọ́kọ̀ náà, kí n lè mọ̀ bóyá mẹ́ta ló kúrò ní Sàró lóòótọ́. Mo bi í pé mélòó ni wọ́n fún un. Kò tilẹ̀ tijú.

“Márùn-ún. Mo mú méjì.”

“Kí lẹ fi ṣe?”

“Mo fi ra ẹ̀kọ ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fi ebi wa ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́?”

“Bàbá, ọ̀rọ̀ lẹ jẹ yẹn! Ọ̀rọ̀ lẹ fi ra ẹ̀kọ!”

“Ẹ̀kọ náà kò tilẹ̀ kún ẹnu,” ó sọ bẹ́ẹ̀, ó ń dí ihò ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo bú u dáadáa. Àgbà ni, kò yẹ kí n bú u, ṣùgbọ́n mo bú u.

Ní Ìkòròdú, ìyá aláṣọ ní méje ló dé ọwọ́ òun, òun sì fi méjì kún owó ẹni tó gbé e láti Èkó wá. Inú mi dùn, inú mi tún bàjẹ́. Ẹẹ́ta kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ńkọ́?

“Ẹ̀gbọ́n mi kò fi ẹnu rán nǹkan kan ni?”

“Ó rán an. Ẹni tó gbé e wá sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà yí mi ká, mo ń wọn aṣọ. Mo ní, ‘Gbé e sílẹ̀ jàre, àrokò nìyí, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ á kà á fúnra wọn.’ Ta ló ń fi ẹnu tẹ̀lé àrokò?”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí. Kí ló ní?”

Ó pa ojú dé, ó mi orí. “Mo rántí ‘wá’. ‘Wá’ wà níbẹ̀. Èyí dá mi lójú.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi gbọ́ “wá”, ó sọ pé alihamudu lilahi, ó sì bèèrè oúnjẹ. Bàbá wa ní òun kúkú ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ohun rere ni. A bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tí a ní. Nígbà tí wọ́n wá fi pẹ̀lẹ́tù parí ìjà àárín Èkó àti Ẹ̀pẹ́, tí ọ̀nà là, mo wọ ọkọ̀ elééfín.

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa òkun. Mo bì títí kò fi sí ohun tí mo lè bì mọ́. Mo dé Sàró, mo bèèrè káfíńtà náà, wọ́n sì mú mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde. Ó wo ilà ojú mi, ó ká ọwọ́ lérí.

“Ẹ gbà mí o! Ó ti lọ bá yín. Ọkọ̀ tó ṣí kẹ́yìn ló bá lọ. Ṣé ẹ kò gbọ́ iṣẹ́ tó rán ni? Ó ní, ‘Ẹ má wá. Bí ọ̀nà Èkó bá ti là, èmi ni n óò wá.’”

Mo jókòó sí àtẹ̀gùn wọn. Mo bi í léèrè nípa owó ẹyọ náà. Ó ní a kì í ná an ní Sàró, ọkọ òun dá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà kí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà lè fi ra nǹkan jẹ lọ́nà, kí iṣẹ́ náà má baà ná ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ẹyọ mẹ́jọ ń yó èèyàn.

Ọlọ́kọ̀ Agbówà tí mo bú, ohun tí wọ́n ní kó jẹ ló jẹ.

Bàtà ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọ ilé ìdáná lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n dúró títí yóò fi dé. Èmi gbà pé bí mo bá tètè padà, n óò bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ń lọ sí Èkó ni mo wọ̀.

Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé, ara rẹ̀ ń dán bí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

“Ó ti lọ,” ó sọ fún mi. “Nígbà tó gbọ́ pé o wà nílé òun, kò jókòó pẹ́. Ó ní òun fẹ́ lọ bá ọ kí o tó kúrò.”

A ti tún kọjá ara wa lórí omi. Owó tí ìbá tún gbé mi lọ, tàbí tí ìbá tún gbé e padà wá, kò sí mọ́, kò sì tún sí mọ́ títí di òní.

Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lọ: ó ga, ó máa ń rẹ́rìn-ín bíi baba wa, ó sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun bí ọmọdé. Òwú aláró wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó mẹ́ta náà sì wà lórí rẹ̀. “Ó rán mi sí ọ,” ó wí. “Ó ní kí n rí i pé mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.”

“Kí ló ní?”

“Ó ní kí n sọ fún ọ pé...” Ó wo òwú náà, ó wo ojú mi. “Ó ṣì wà lórí ahọ́n mi láàárọ̀ yìí.”

Mo fẹ́ kígbe. Mo fẹ́ di èjìká rẹ̀ mú kí n gbọ̀n ọ́n títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìyá mi kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Kò burú, Ìyá mi. Ṣé ‘wá’ wà níbẹ̀?”

Ó ronú díẹ̀. “‘Wá’ kẹ̀? Ó jọ pé ó wà níbẹ̀.”