Gbogbo Ẹja Ló Ní Òróòro

Ẹja ni mò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ọ̀sán gangan ni, lẹ́yìn ilé tí a háyà ní Agric, Ìkòròdú, láyé ìgbà tí àwa tí a ò ní fóònù ṣì ń lọ pe ènìyàn lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àkọ́bí mi sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tíì pé ogójì ọjọ́. Mo ti la inú ẹja, mò ń fa ìfun rẹ̀ jáde, ni mo ṣàdédé rí ọwọ́ mi tó gbé ọ̀bẹ kúrò lára ẹja lọ sórí ẹní. Ọwọ́ mi ò kúrò níbi tó wà o. Ṣùgbọ́n mo rí i kedere bí ẹni ń wo fíìmù, títí dé ibi tí n kò ní kọ síbí. Mo ju ọ̀bẹ sínú gọ́tà, mo sì bì títí kò fi sí ohun tí mo lè bì mọ́.

Mi ò ní parọ́, kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ mú mi. Ìríra ni. Ó rí bí ìgbà tí ènìyàn jẹ ẹ̀wà tán tó wá rí ìdin nísàlẹ̀ abọ́, àmọ́ èmi gan-an ni abọ́ náà. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́, mo tún fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, òórùn ẹja lọ, ọwọ́ ò lọ. Mo jókòó, mò ń wo ọwọ́ tèmi bí ẹni ń wo olè tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Irú obìnrin wo ló ń bímọ tán tí irú nǹkan báyìí ń gba orí rẹ̀ kọjá?

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó mú tàbí tó gbóná tí n kò sá fún. Aránṣọ ni mí, ṣùgbọ́n mo gbé sísọ́ọ̀sì mi fún obìnrin tó wà ní yàrá kejì, mo ní ó ti kú, kó bá mi tọ́jú rẹ̀ dìgbà tí n óò rí ẹni pọ́n ọn. N kò jẹ́ gbé ọmọ kọjá lẹ́bàá kànga. Ẹja yíyan ni mò ń rà, nítorí n kò ní fi ọ̀bẹ ṣe é fúnra mi. Ọkọ mi tó fẹ́ràn ẹja tútù jẹ ẹja yíyan títí ó fi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá odò ti gbẹ.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kó lè bá mi wẹ ọmọ. Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀, n kò ní fi ìyẹn dù ú. Á fi omi gbígbóná nà án, á fa apá, á fa ẹsẹ̀, á sì wá ju ọmọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí àyà rẹ̀ má baà máa já tó bá dàgbà. Bó bá ti fẹ́ jù ú, mo ti wà lójú títì, nítorí bí ọmọ bá ti gbéra báyìí ni èmi á ti rí i nílẹ̀. Tó bá ní kí n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, lónìí ẹ̀yìn ń ro mí, lọ́la òòyì ń kọ́ mi. Ìyá náà kì í ṣe òmùgọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ká mi mọ́ ibi tí mò ń gbé sá aṣọ.

Ó ní, “Ìyàwó, àbí ọmọ yìí ò wù ọ́ ni?”

Mo ní, “Màmá, mo máa ń rí nǹkan ni. Lójú mi báyìí, lọ́sàn-án, mo máa ń rí i pé mo ṣe ọmọ yìí léṣe.”

Ẹyin lọ̀rọ̀, mo ti jẹ́ kó bọ́. Ká ní mo sọ pé mò ń rò ó ni, bóyá ó máa ní kí n lọ sùn. Ṣùgbọ́n mo ní mò ń rí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ń rí nǹkan lójú ọ̀sán, lọ́dọ̀ àwọn ará ilé ọkọ mi, ìran ló ń rí. Ìyá tí mo rò pé yóò gbá mi létí kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n ti tètè fi hàn wá. Kí oòrùn tó wọ̀ a ti dé ilé àdúrà kan ní Ìjẹ̀dé.

Ọmọ Mùsùlùmí Ẹ̀pẹ́ ni mí, àwọn ará ilé ọkọ mi ló ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tẹ̀ lé e nítorí tèmi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Tí mo bá ti forí kanlẹ̀ lórí ìrun, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń dé. Ìyá aládùúrà tó ni ilé àdúrà náà bi mí bóyá lójú àlá ni àbí lójúran. Mo ní n kì í sùn rárá. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ìran ni, pé ohun tí wọ́n fi hàn mí ni yóò ṣẹlẹ̀ àfi tí a bá gbà á padà. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ fún ọjọ́ méje. Nígbàkígbà tí ìran náà bá dé, kí n ta ìka yí orí mi ká, kí n sì tu itọ́ rẹ̀ dànù. Ó wá da òróró sí mi lọ́wọ́ dé ìgúnpá, òróró tó ti pẹ́ nínú ìgò tó ń rùn bí orí tí wọn kò fọ̀. Mo kórìíra obìnrin náà dòní. Èyí tó tún burú jù ni pé mo gbà á gbọ́.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé agolo mílíìkì kiri nìyẹn, agolo itọ́. Mo tu, ó dé. Mo tún tu, ó tún dé, ó tún mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Agolo náà ń rùn, ọwọ́ mi ń rùn, ọmú mi le koko nítorí mílíìkì inú fídà ni ọmọ ń mu. Obìnrin tó gba sísọ́ọ̀sì mi tiẹ̀ yọ́ wá bá mi pé kí n bá òun wò ó bóyá físà ọkọ òun máa jáde. Wòlíì tuntun ti dé sí Agric, wòlíì alágolo.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ìyá ọkọ mi ní òun yóò gbé ọmọ lọ sílé ní Ọ̀ṣun lọ́jọ́ Sátidé, títí ìran náà á fi kọjá. Ọkọ mi wo ilẹ̀, ó ní ìyá òun mọ ohun tó ń ṣe. Mo mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá gbé lọ lọ́jọ́ orí yẹn, tó bá padà dé, àlejò ni màá jẹ́ sí i. Ó dùn mí wọra. N kò sì lè sọ pé rárá, nítorí èmi náà rò pé ọmọ náà yóò wà láàbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju lọ́wọ́ mi lọ.

Kó tó gbé e lọ, ó yẹ kí ìyá àgbà mi ní Ẹ̀pẹ́ fojú kan ọmọ. Ìyá mi ń ṣòwò lókè Ọya láti kékeré mi, ìyá rẹ̀ yìí ló tọ́ mi dàgbà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, a wọkọ̀, a gba Itóìkín, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá ọkọ mi, èmi gbé agolo sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ìyá Àgbà wà níwájú ilé rẹ̀, nítòsí ọjà ẹja, níbi tó ti ń bá àwọn ènìyàn ṣe ẹja láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ìpẹ́ ẹja bo ilẹ̀, eṣinṣin ń jẹ àsè. Ìyá ọkọ mi tẹ́ ọmọ sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí Ìyá Àgbà bá òun mójú tó o, ó sì wọnú ọjà lọ ra ẹja tí yóò gbé relé. Kò tíì jìnnà tí nǹkan mi dé. Mo ta ìka, mo tu sínú agolo.

Ìyá Àgbà bi mí pé kí ni mò ń tu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀bẹ dé orí òróró. Èdè Ẹ̀pẹ́ ló fi dá mi lóhùn. Èyí tí gbogbo ènìyàn á gbọ́ ni mo kọ síbí.

“O rí i ni, àbí o rò ó?”

Mo fi láílọ́ọ̀nù bo agolo náà.

“Ó wù ọ́ kó ṣẹlẹ̀?”

“Ìyá Àgbà, ó ń rí mi lára.”

“Ohun tó ń rí ọ lára, ṣé ohun tí o fẹ́ ṣe nìyẹn? Ìran kọ́. Wàsíwàsí ni.”

Mo mọ wàsíwàsí láti ilé kéú, iyèméjì tí èṣù máa ń sọ sí ènìyàn lọ́kàn. Òun ló máa ń mú ẹni tó ń ṣe àlùwàlá tí yóò máa fọ ẹsẹ̀ kan náà títí ìrun á fi parí. N kò mọ̀ pé ó lè mú ọ̀bẹ dání. Ìyá Àgbà mú àrọ̀ kan nínú báàfù, ó là á, ó sì fi nǹkan kékeré aláwọ̀ ewé hàn mí nínú rẹ̀.

Ó ní, “Wo òróòro. Gbogbo ẹja ló ní i, èyí tó dùn jù náà ní i. Tí o bá ń tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ bóyá ó korò, á bẹ́, á sì ba ẹja jẹ́. Rọra yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.”

Òróró ni wọ́n fún mi ní Ìjẹ̀dé, òróòro ni mo bá ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní omi ọ̀sà ni tòun, pé nígbà tí òun bí àkọ́bí òun, òun ò lè wọ ọkọ̀ ojú omi kí ọkàn òun má ní kí òun jù ú sómi. Mo bi í pé ọmọ wo nìyẹn. Ó ní ìyá mi ni. Ìyá mi tó sanra, tó jẹ́ pé tó bá pè ọ́ láti Kánò, kò nílò fóònù.

Ó na ọ̀bẹ sí mi. Ọmọ ò jìnnà sí mi ju apá kan lọ. Ẹja àkọ́kọ́, mo tẹ ọ̀bẹ jù, mo bẹ́ òróòro rẹ̀, gbogbo ẹran rẹ̀ di aláwọ̀ ewé. Lórí ẹja kejì, àwòrán náà dé, ó rí mi lára bí ti tẹ́lẹ̀, itọ́ gorí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Ìyẹn gan-an tún rí mi lára. Mo sì la ẹja kẹta.

N kò ní tàn yín pé ó tán níbẹ̀. Ọmọ náà ti ń lọ síléèwé báyìí, bí mo bá sì dì í lọ́wọ́ mú lẹ́bàá títì, ó ṣì máa ń dé, ó ṣì ń rùn sí mi. N kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, nígbà tí ìyá ọkọ mi padà dé tó bá ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó sáré gbé ọmọ. Ó ní ọjọ́ méje ò tíì pé. Ìyá Àgbà ní, “Ẹ jókòó, ìyá. Omi ti gbóná. Ìyá ọmọ ni yóò wẹ ọmọ lónìí.”

Ìyá ọkọ mi kọjú sí mi. “Tó bá wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?”

Ìbéèrè tí mo ti fi itọ́ àti òróró dáhùn láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Mo wo Ìyá Àgbà, ó ń bu omi tútù sí omi ọmọ.

Mo ní, “Mi ò mọ̀, màmá. Ẹ gbé e wá.”

Ó pẹ́ kó tó gbé e sílẹ̀. Mo wẹ ọmọ mi. Mo fa apá, mo fa ẹsẹ̀, ó sunkún bí ó ṣe yẹ kó sunkún. Mo gbé e lábẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, mo jù ú sókè. Ó ṣì wà lókè nígbà tí àwòrán náà dé, mo rí ọmọ nílẹ̀, mo rí orí rẹ̀. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọmọ balẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó rin fún omi, ó wúwo.

Ìyá ọkọ mi ti ṣí aṣọ ìnura sílẹ̀. Ó ní ó ti tó, kí n gbé e wá kí òun nù ún.

Mo ní, “Rárá, màmá. Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì.”