Bàbá Àgò, Ẹni Tí Kì í Wọlé Láìbéèrè

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́ dìbò lórí iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Àgò fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni bàbá dúró sí. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àga rẹ̀ ń dúró dè é, bàbá ń pè, "Àgò o!" Ariwo inú yàrá ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Nígbà tí alága, obìnrin kan tó fẹ́ràn ìlànà, wá rí i, ó ní, "Ẹ wọlé jàre, sà!" Bàbá ò mira.

"Èmi nìkan ni, àbí èmi àti báàgì mi?"

Kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ báàgì, àsìkò ìpàdé ti tán. Wọ́n sún ìbò síwájú.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Òun ló ń kọ òfin tí buráúsà, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, máa tẹ̀ lé kó tó fọwọ́ kan fáìlì inú kọ̀ǹpútà èèyàn. Òfin ọ̀hún ò le: kanlẹ̀kùn, sọ ohun tó o bá wá, dúró kí onílé dáhùn. Bí wọ́n bá ní kó o wo fọ́tò kan, má lọ tú gbogbo àpótí. Bó o bá jáde, tó o tún padà wá, tún un kàn.

Ẹni tí wọ́n jọ ń fà á ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣojú àwọn tó ń ṣe áàpù. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Kíákíá. Ó fẹ́ kí áàpù tí onílé bá ti fọkàn tán máa wọlé bó ṣe wù ú.

"Sà, a ti di ẹbí."

"Ta ló ń jí ẹran inú ìkòkò, àlejò àbí ẹbí?"

"Ó dáa, ẹ fún wa ní fódà kan."

"Fáìlì kan."

"Ká lè kọ nǹkan sínú ẹ̀?"

"Kẹ́ ẹ wò ó."

"Sà, áàpù ìkọ̀wé ni!"

Bàbá ronú títí. "Kẹ́ ẹ wò ó dáadáa."

Nílé ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, rí nǹkan. Ó ní kó bá òun mú awò ojú nínú báàgì òun, bàbá gbé odidi báàgì wá, síìpù ẹ̀ ò sì ṣí.

"Bàbá ọmọ mi, awò ni mo ní kẹ́ ẹ mú wá."

"O ò ní kí n ṣí i."

Ìyá káwọ́ lérí. "Yéè! Mo rò pé ọkọ ni mo fẹ́, àṣé òfin ni!" Kódà yàrá tí wọ́n jọ ń sùn, bàbá á kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ẹ̀.

Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó gbà pé bí òun bá fi gbà fún Kíákíá pẹ́nrẹ́n, ilé gbogbo ayé á di ojú ọjà. Ìbò ku díẹ̀ nígbà tí àìsàn ọkàn gbé e dé ọsibítù. Ìyá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ bá a, kó lè rí fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn tuntun. Buráúsà tí wọ́n fi ń dán òfin bàbá wò ló wà lórí ẹ̀. Ó béèrè pé ṣé kí òun ṣí fọ́tò? Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́tò kejì, ó tún béèrè. Ẹ̀kẹta, ó tún béèrè. Ìyá pa kọ̀ǹpútà dé.

"Ẹ gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín ni mo ti ní kẹ́ ẹ wọlé. Ẹ ṣì ń kanlẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa dáhùn kẹ́ ẹ tó gbà pé mo fọkàn tán yín?"

Bàbá Àgò pe Kíákíá lórí fóònù.

"Ẹni tí onílé bá fọkàn tán, kó máa wọlé láìtún béèrè. Ṣùgbọ́n kí onílé máa rí i pé ó wà nínú ilé, kó sì lè lé e jáde nígbà tó bá wù ú."

"Há! Ẹ ti gbà, sà?"

"Ta ló gbà? Mo ṣì ń ná an ni."

Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà dá bàbá padà sílé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé, ìyá ń ká aṣọ nínú yàrá, ilẹ̀kùn kàn ṣí, bàbá wọlé, ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ìyá bá ń sọ ọ́, ó máa ń rẹ́rìn-ín gan-an, pé ẹ̀rù ba òun débi pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ la bàtà mọ́ ọn.

"Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló kú," ni ìyá máa ń wí. "Àmọ́ kó tó lọ, ó wọlé."